Ìmọ̀nà Àwọn Ẹranko: Ẹ̀rí láti Òkè Jos

Ìmọ̀nà àwọn ẹranko ni agbára tí ẹ̀dá abẹ̀mí fi ń mọ ibi tí ó wà, ibi tí ó ń lọ, àti ìhà tí ó yẹ kí ó kọjú sí kí ó tó lè dé ibẹ̀. Agbára yìí ni oyin fi ń padà sí ilé rẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti fò káàkiri oko. Òun ni ẹyẹlé tí a gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn fi ń padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ń sìn ín. Òun náà ni ẹyẹ tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kan lè bò ó mọ́lẹ̀ fi ń la Aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà ni àyíká ìlú Jos, ní Ìpínlẹ̀ Plateau. Ohun tí ìwádìí ibẹ̀ àti ti ilẹ̀ òkèèrè jọ fi hàn ni pé ó ṣọ̀wọ́n kí ẹranko fi ẹ̀yà ìmọ̀lára kan ṣoṣo mọ ọ̀nà. Ohun tí a bí mọ́ ọn, ohun tí ó kọ́, àti àmì tí ayé ń fi hàn án lójoojúmọ́ ni ó jọ ń tọ́ ọ. Bí ènìyàn bá ba ọ̀kan jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìrìn-àjò náà lè bàjẹ́.

Oríṣi ìrìn àti oríṣi ìmọ̀

Ìrìn àwọn ẹranko pín sí ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì. Èkíní ni ìrìn oúnjẹ, èyí tí ẹranko ń rìn lójoojúmọ́ láàárín ibùsùn rẹ̀ àti ibi tí ó ti ń jẹ. Èkejì ni ìpadàsílé, nígbà tí ẹranko bá bá ara rẹ̀ ní ibi àjèjì tí ó sì gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà ilé. Ẹ̀kẹta ni ìṣíkiri àsìkò, èyí tí ẹranko fi ń kúrò ní ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn bí ìgbà bá ti ń yí padà, tí yóò sì tún padà nígbà tí àsìkò bá yí.

Ní àwọn ọdún 1950, Gustav Kramer, onímọ̀ ẹ̀dá abẹ̀mí ará Jámánì, ṣàlàyé pé ìmọ̀ méjì ni ẹranko tí ó ń padà sílé nílò. Ọ̀kan ni ìmọ̀ ipò, ìyẹn mímọ ibi tí òun wà sí ibi tí òun ń lọ. Èkejì ni ìmọ̀ ìhà, ìyẹn mímọ ibi tí àríwá, gúúsù, ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn wà. A lè fi ìlú Jos ṣe àpẹẹrẹ. Kabong jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò ìlú náà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Jos. Bí a bá gbé àlejò sílẹ̀ ní Kabong lóru, tí a sì fún un ní ohun-èlò tí ń tọ́ka sí àríwá, yóò mọ àríwá, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ bóyá ìhà àríwá ni ilé tí ó ń wá wà. Bí a bá sì fún un ní àwòrán ìlú nìkan, yóò rí orúkọ Kabong àti ti àdúgbò tí ó ń lọ, ṣùgbọ́n kò ní mọ ìhà tí yóò kọ́kọ́ yíjú sí. Ẹranko tí ó ń rin ìrìn-àjò gbọ́dọ̀ ní ìmọ̀ méjèèjì, tàbí kí ó ní ohun mìíràn tí ó lè dí àlàfo èyí tí kò ní.

Òkè Jos àti àwọn àlejò rẹ̀

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ orí òkè tí ìlú Jos wà ga tó nǹkan bí mítà 1,200 sókè ju ojú òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù ju ti ọ̀pọ̀ ibi lọ ní Nàìjíríà. Àpáta, pápá oko, oko àgbàdo àti ti ànàmọ́, pẹ̀lú àwọn kòtò tí wíwa kùsà tánńganran fi sílẹ̀, ni ó kún ojú ilẹ̀ náà. Ní Laminga, lẹ́bàá ìlú Jos, ni ibùdó ìwádìí ẹyẹ tí a ń pè ní A.P. Leventis Ornithological Research Institute wà, ní ẹ̀gbẹ́ igbó àdáàbòbò Amurum. Ibùdó náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 21, ó sì ń bá Yunifásítì Jos ṣiṣẹ́ pọ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ní ìmọ̀ ìdáàbòbò ẹ̀dá.

Lára àwọn ẹyẹ tí a ti ṣe ìwádìí lé lórí níbẹ̀ ni Saxicola rubetra, ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tí àyà rẹ̀ pọ́n díẹ̀, tí ìlà funfun kan sì wà lókè ojú rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà ju gíráàmù 20 lọ. Yúróòpù àti ìwọ̀-oòrùn Éṣíà ni ó ti ń pamọ. Nígbà tí òtútù bá ń sún mọ́lé lọ́hùn-ún, yóò fò sọdá Òkun Mẹditaréníà àti Aṣálẹ̀ Sàhárà, òru ni ó sì máa ń fò jù. Yóò wà ní òkè Jos láti ìgbà tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ títí di nǹkan bí oṣù Ẹrẹ́nà tàbí Ìgbé, lẹ́yìn náà ni yóò padà. Ìrìn náà lé ní kìlómítà 4,000 ní àlọ nìkan fún ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Emma Blackburn àti Will Cresswell ti Yunifásítì St Andrews ní Skọ́tílándì, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn, so ohun-èlò kékeré kan mọ́ àwọn ẹyẹ yìí lẹ́yìn, wọ́n sì tẹ àbájáde iṣẹ́ náà jáde ní 2016 àti 2017. Ohun-èlò náà kò wúwo tó gíráàmù kan. Kò fi ìròyìn ránṣẹ́ síbikíbi. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí a bá mọ àkókò tí ilẹ̀ mọ́ àti àkókò tí ó ṣú níbi tí ẹyẹ wà, gígùn ọ̀sán yóò sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó sí àríwá, àkókò tí ọ̀sán pọ́n gan-an yóò sì sọ bí ó ṣe jìnnà tó sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé olùṣèwádìí gbọ́dọ̀ dúró kí ẹyẹ lọ kí ó sì bọ̀, kí ó sì tún mú un, kí ó tó lè ka ohun tí ó wà nínú ohun-èlò náà. Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹyẹ tí ó padà wá ni ó padà sí ibùgbé kan náà gan-an tí wọ́n lò ní ọdún tí ó ṣáájú: igbó ṣúúrú kan, ẹ̀gbẹ́ oko kan, láàárín gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Àmì ojú ọ̀run

Oòrùn ni àmì tí ó hàn gbangba jù lọ. Kramer fi dígí yí ibi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gbà wọ inú àgò padà, àwọn ẹyẹ tí ó wà nínú àgò náà sì yí ìhà tí wọ́n kọjú sí padà bákan náà. Ṣùgbọ́n oòrùn kì í dúró lójú kan. Ẹranko tí yóò bá lò ó gbọ́dọ̀ mọ àkókò, aago kan sì wà nínú ara tí ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí a bá fi iná àtọwọ́dá yí òye àkókò ẹyẹlé padà fún wákàtí mẹ́fà, yóò ṣi ìhà mú ní nǹkan bí dígírì 90. Oyin pàápàá ń fi oòrùn júwe ọ̀nà: Karl von Frisch, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973, fi hàn pé ijó tí oyin ń jó nínú ilé rẹ̀ ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí òdòdó ṣe jìnnà tó àti ìhà tí ó wà sí oòrùn.

Lóru, ìràwọ̀ ni ó gba ipò oòrùn. Ní àwọn ọdún 1960, Stephen Emlen ní Amẹ́ríkà fi àwọn ẹyẹ Passerina cyanea sínú ilé tí a ti ń fi iná ṣe àfarawé ojú ọ̀run. Ó rí i pé àwọn ọmọ ẹyẹ náà ń wo bí gbogbo ìràwọ̀ ṣe ń yí po, wọ́n sì ń kíyè sí ojú kan ṣoṣo tí kò yí. Ojú náà ni wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí àríwá. Nígbà tí Emlen mú kí ọ̀run náà máa yí ká ìràwọ̀ mìíràn, àwọn tí a tọ́ lábẹ́ rẹ̀ gba ìyẹn bí àríwá tiwọn. A bí wọn pẹ̀lú ìfẹ́ láti wo ìràwọ̀, ṣùgbọ́n wíwò ni wọ́n fi kọ́ ohun tí ìràwọ̀ ń sọ.

Kòkòrò náà kò gbẹ́yìn. Ní 2013, Marie Dacke àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Gúúsù Áfíríkà pé yímíyímí tí ń yí ìgbẹ́ ẹran lóru lè tẹ̀lé ọ̀já ìràwọ̀ funfun tí ó nà gbọọrọ kọjá ojú ọ̀run kí ó má baà máa yí po lójú kan. Nígbà tí wọ́n fi ìbòrí dí i lójú kúrò ní òkè, ọ̀nà rẹ̀ wọ́.

Òòfà ilẹ̀

Ní òru tí ìkùukùu bo ọ̀run, ẹyẹ ṣì ń mọ ìhà. Wolfgang Wiltschko ní Jámánì ni ó fi hàn ní àwọn ọdún 1960 pé ẹyẹ rọ́bíìnì ilẹ̀ Yúróòpù lè mọ òòfà ilẹ̀ ayé. Ọ̀nà tí ó gbà ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti abẹ́rẹ́ tí àwọn atukọ̀ ń lò. Abẹ́rẹ́ ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín òpó àríwá àti òpó gúúsù. Ẹyẹ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹyẹ ń mọ̀ ni bí ìlà agbára òòfà ṣe dagun sí ilẹ̀: ìhà tí ó ti tẹ̀ sísàlẹ̀ ni ìhà òpó tí ó sún mọ́ ọn, ìhà kejì sì ni ti agbedeméjì ayé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé inú ojú ni ìmọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, nínú pùròtéènì kan tí a ń pè ní cryptochrome, nítorí pé rọ́bíìnì nílò ìmọ́lẹ̀, bí ó tilẹ̀ kéré, kí ó tó lè lo òòfà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan òkè Jos ní ọ̀nà pàtàkì. Ìlà tí òòfà ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò dagun síhà kankan, gba àríwá Nàìjíríà kọjá, kò sì jìnnà sí Jos. Ẹyẹ tí ó fi ìdagun òòfà mọ ọ̀nà láti Yúróòpù yóò rí i pé bí òun ti ń sún mọ́ òkè náà ni àmì náà ń rẹ̀yìn, títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan kan mọ́. Ẹyẹ tí ó ń lọ sí gúúsù jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò sì bá àmì náà ní ìdà-kejì ohun tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ ẹyẹ Saxicola rubetra ń dé ibẹ̀, ó sì ń rí ẹ̀gbẹ́ oko tí ó lò ní èṣí. Ó hàn láti inú èyí pé òòfà nìkan kò lè jẹ́ atọ́nà rẹ̀. Níbi tí àmì kan ti dákẹ́, òmíràn ni yóò gba ọ̀rọ̀ sọ: ìràwọ̀, oòrùn, àti ní ìkẹyìn, àpáta àti igi tí ojú rẹ̀ ti mọ̀.

Òórùn àti ohùn

Imú wúlò fún ìmọ̀nà ju bí a ti ń rò lọ. Ní àwọn ọdún 1970, Floriano Papi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pisa, ní Ítálì, fi hàn pé ẹyẹlé tí kò lè gbóòórùn mọ́ kì í sábà rí ọ̀nà ilé láti ibi àjèjì. Ìjàlọ ni àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ilé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjàlọ kò ní ojú rárá, òórùn tí àwọn tí ó ṣáájú fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn fi ń rìn ní ìlà kan bí ẹni pé ẹnì kan ń darí wọn.

Ohùn ní ipa tirẹ̀. Òòbẹ̀ tí ń jẹ kòkòrò a máa pariwo tí etí ènìyàn kò lè gbọ́, a sì máa fi ìró tí ó padà bọ̀ mọ ibi tí ògiri àti ẹran ọdẹ wà. Donald Griffin ni ó kọ́kọ́ fi èyí múlẹ̀ pẹ̀lú Robert Galambos ní Amẹ́ríkà ní ìparí àwọn ọdún 1930. Erin, irú èyí tí ó ṣì kù ní Yankari ní Ìpínlẹ̀ Bauchi tí ó pààlà pẹ̀lú Plateau, ń fi ohùn tí ó rẹlẹ̀ ju èyí tí etí wa lè gbọ́ lọ pe ara wọn láti ọ̀nà jíjìn.

Àpẹẹrẹ tí ó jẹ́ ti òkè Jos gan-an ni ti ẹyẹ Vidua maryae. Ẹyẹ yìí kì í kọ́ ìtẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Inú ìtẹ́ ẹyẹ mìíràn ni ó ń yé ẹyin sí, alágbàtọ́ ni ó sì ń tọ́ ọmọ náà. Nínú ìtẹ́ yẹn ni ọmọ ẹyẹ ti ń gbọ́ orin alágbàtọ́. Bí ó bá dàgbà tí ó jẹ́ akọ, orin náà ni yóò máa kọ. Bí ó bá jẹ́ abo, orin náà ni yóò fi mọ akọ tí yóò bá gùn àti ìtẹ́ tí yóò yé sí. Etí ni ó fi ń mọ ọ̀nà. Robert Payne, onímọ̀ ẹyẹ ará Amẹ́ríkà, kíyè sí i pé orin tí àwọn akọ ẹyẹ yìí ń kọ ní òkè Jos kò bá ti alágbàtọ́ kankan tí a ti mọ̀ dọ́gba. Orin náà ni ó tẹ̀ lé títí tí ó fi rí ẹyẹ pupa kékeré kan tí ń gbé ààrin àpáta, tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò tíì fún lórúkọ. Ní 1998 ni ó kéde rẹ̀ ní Lagonosticta sanguinodorsalis. Orin tí ọmọ ẹyẹ kọ́ nínú ìtẹ́ ni ó tọ́ka ẹyẹ náà sí onímọ̀.

Ohun àbínibí àti ohun tí a kọ́

Ìbéèrè tí ó ṣòro jù lọ ni ti ọmọ ẹyẹ tí ń rin ìrìn-àjò rẹ̀ àkọ́kọ́. Lára ọ̀pọ̀ irú ẹyẹ tí ń fò lóru, òbí kì í mú ọmọ dání. Iṣẹ́ A. C. Perdeck, ará Nẹ́dálándì, tí ó jáde ní 1958, ni ó dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa. Wọ́n mú ẹyẹ Sturnus vulgaris tí ó lé ní 11,000 ní Nẹ́dálándì nígbà tí wọ́n ń ṣí lọ sí gúúsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àríwá Faransé, wọ́n kó wọn lọ sí Swítsàlandì, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Àwọn àgbà mọ̀ pé a ti gbé wọn kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n yíjú sí ibi tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ń bá ìhà tí a bí mọ́ wọn lọ láìyẹsẹ̀, wọ́n sì bá ara wọn ní gúúsù Faransé àti Spéìnì. Ìhà ni a bí mọ́ ọmọ ẹyẹ. Ìmọ̀ ipò, ìrírí ni ó ń fúnni.

Ẹ̀rí òkè Jos bá èyí mu. Àwọn ẹyẹ Saxicola rubetra tí wọ́n jọ lo ẹ̀ẹ̀rùn ní àyíká kan náà ní Plateau kò padà sí ibì kan náà ní Yúróòpù. Wọ́n fọ́n káàkiri ilẹ̀ gbalasa ní ìlà-oòrùn Yúróòpù títí dé Rọ́ṣíà. Cresswell ti ṣàlàyé ní 2014 pé ọmọ ẹyẹ lè dé ibikíbi nínú ilẹ̀ tí ó gbòòrò ní ìrìn-àjò àkọ́kọ́, nítorí afẹ́fẹ́ àti àṣìṣe díẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí ó bá yè ní ibi tí ó dé, ibẹ̀ ni yóò máa padà sí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Àǹfààní àti ewu ni èyí. Bí oko kan bá bàjẹ́ ní Jos, kò ní pa gbogbo ẹyẹ abúlé kan ní Yúróòpù run. Ṣùgbọ́n àgbà ẹyẹ tí oko rẹ̀ bàjẹ́ kò mọ ibòmíràn.

Ohun tí àwọn Yorùbá ti mọ̀

Ìṣíkiri àsìkò kì í ṣe àjèjì nínú èdè Yorùbá. Lékèélékèé ń lọ sí ilẹ̀ ọ̀dàn ní àríwá láti pamọ nígbà òjò, ó sì ń padà sí gúúsù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tí ó ti ń tẹ̀ lé màlúù láti jẹ tata àti àwọn kòkòrò tí pátákò ẹran ń tú jáde. Àwọn ọmọdé tí ń kígbe sí i pé kí ó fún àwọn ní èékánná funfun ń fi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn hàn láìmọ̀.

Èdè náà tún ya àdán sọ́tọ̀ sí òòbẹ̀. Òwe tí ó sọ pé bí a kò bá rí àdán a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ gbà pé méjèèjì jọra, kò sì gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì gbè é lẹ́yìn. Òòbẹ̀ ń fi ìró ohùn rìn. Àdán ńlá, Eidolon helvum, kò ní irú ìró bẹ́ẹ̀, ojú ńlá àti imú ni ó fi ń wá èso lóru. Àwọn àdán wọ̀nyí ni ó ń so rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí igi nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ wọn ń tẹ̀ lé òjò lọ sí ilẹ̀ ọ̀dàn, wọ́n sì ń padà sí ilẹ̀ igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n ti ń lọ ni wọ́n ń gbin igi, nítorí wọ́n ń gbé hóró èso jìnnà, títí kan ti ìrókò.

Ewu

Ewu tí ó dojú kọ ìmọ̀nà pín gẹ́gẹ́ bí àmì tí ó bàjẹ́. Iná tí ń tàn mọ́jú ní àwọn ìlú ń bo ìràwọ̀, ó sì ń fa ẹyẹ tí ń fò lóru kúrò lójú ọ̀nà. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní Oldenburg, ní Jámánì, fi hàn pé ariwo aláìlóhùn tí ń jáde láti ara àwọn ẹ̀rọ iná mànàmáná ìlú lè dí rọ́bíìnì lọ́wọ́ láti lo òòfà. Nígbà tí wọ́n fi irin yí ilé àwọn ẹyẹ náà ká, tí wọ́n sì so ó mọ́ ilẹ̀, ìmọ̀ ìhà wọn padà.

Ní Nàìjíríà, ohun tí ó hàn jù ni gígé igi àti pípa ẹran. Wọ́n ń pa àdán fún jíjẹ ní ọ̀pọ̀ ibi, àjọ IUCN sì ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó sún mọ́ ewu àparun. Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ìyípadà ilẹ̀ ni ó ń pa ẹyẹ aṣíkiri lára. Ìwádìí òkè Jos fi hàn pé ọ̀pọ̀ Saxicola rubetra ni ó ń la ẹ̀ẹ̀rùn já dáadáa nínú oko àti pápá tí ènìyàn ti ṣí sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye wọn ń dín kù ní Yúróòpù. Oko tí a ń ro díẹ̀ díẹ̀, tí igbó ṣúúrú ṣì kù ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lè gba àlejò. Ẹyẹ àárín àpáta bíi Lagonosticta sanguinodorsalis ní tirẹ̀ nílò igbó ṣúúrú àti koríko ẹsẹ̀ òkè, irú èyí tí Amurum ń dáàbò bò.

Nítorí náà, ìdáàbòbò ẹranko tí ń rìn kò lè parí sí ibì kan. Ẹyẹ tí ó gbéra ní Rọ́ṣíà kò mọ ààlà orílẹ̀-èdè. Ìhà tí a bí mọ́ ọn, ìràwọ̀ tí ó kọ́, àti ẹ̀gbẹ́ oko kan ní òkè Jos ni gbogbo ohun tí ó ní. Igbó ṣúúrú tí àgbẹ̀ kò gé ní ẹ̀gbẹ́ oko rẹ̀ wà lára ọ̀nà náà, bí àgbẹ̀ náà kò tilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.